Pípààrọ̀ Tọ́bò Nissan 200SX S14 Láìpa Tuntun Lọ́sẹ̀ Àkọ́kọ́

Tọ́bò, fáànù tí èéfín ń yí láti ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, bí tuntun rẹ̀ bá kú kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Ọ́ìlì ló ń pa á: bóyá ọ́ìlì ò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá ó dé ṣùgbọ́n kò rí ọ̀nà jáde, bóyá ó gbé ìdọ̀tí wọlé. Ọ̀pá inú tọ́bò ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì tó tín-ín-rín bí awọ àlùbọ́sà ló sì gbé e dúró. Ti ẹ́ńjìnnì náà kò yàtọ̀: bí tọ́bò bá fẹ́ afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé tí epo kò pọ̀ tẹ̀lé e, písítìnì ni yóò yọ́. Nítorí náà, orí ọ́ìlì àti epo la máa pẹ́ sí jù níbí. Iṣẹ́ sípánà kò tó wọn.

Ọkọ̀ tí a mú ni Nissan 200SX S14, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1994. Ẹ́ńjìnnì SR20DET ló wà nínú rẹ̀: síílíńdà 4, 1998 cc, ẹnu síílíńdà 86 mm, ìrìn písítìnì náà 86 mm. T28 ni tọ́bò tó bá a wá, ó ń fẹ́ nǹkan bíi 0.5 bar, agbára ọkọ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 200 hóòsì-páwà. Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe yóò gbé e dé nǹkan bíi 330 sí 350 láìṣí orí ẹ́ńjìnnì.

Kí ló dé tó jẹ́ GT2871R

Garrett ló ń ṣe é. GT28 nínú orúkọ rẹ̀ ni ìdílé tó ti wá, 71 ni fífẹ̀ fáànù afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní mílímítà, R sì ń sọ pé bọ́ọ̀lù-bẹ́ríìnì ló gbé ọ̀pá rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún S14 ni ẹsẹ̀ rẹ̀: ihò 4 irú ti T25, tó jókòó pẹ́pẹ́ sórí mánífóòlù (irin tó ń kó èéfín jọ láti inú ẹ́ńjìnnì) tí Nissan ṣe, ẹnu tí èéfín ń gbà jáde sì ní bóòtù 5 bíi ti T28. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún SR20DET gan-an. Ayédèrú náà pọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní í.

Wọ́n á bi yín bóyá 0.64 lẹ fẹ́ tàbí 0.86. Ilé fáànù èéfín ni wọ́n ń sọ. Ti 0.64 kéré, nítorí náà èéfín ń fi ipá kọjá níbẹ̀, tọ́bò á tètè jí. Ti 0.86 ń pẹ́ kó tó jí, ṣùgbọ́n ó ń mí dáadáa lókè. Ọkọ̀ tó ń rìn ní títì, 0.64 ló dára fún un. Àwọn tó ń ra 0.86 fún ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń tà á.

Ẹ yẹ ẹ́ńjìnnì wò kí ẹ tó náwó

Tọ́bò ńlá lórí ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀, owó ló máa jó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yọ fíúsì pọ́ǹpù epo àti wáyà kọ́ìlì, kí ẹnì kan tẹ tòróòtù mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ wá fi gééjì wọn ìfúnpọ̀ síílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó kéré lẹ máa rí tí ẹ ó sì máa dá písítìnì lẹ́bi. Èyí tó bá wà lókè 140 psi ṣì lágbára, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ láàrin síílíńdà tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò gbọ́dọ̀ ju 14 psi lọ. Bí ọ̀kan bá kéré, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìnì písítìnì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù tàbí gáskẹ̀ẹ̀tì orí ni kẹ́ ẹ wá lọ.

SR20 ní àìsàn kan tó mọ̀ ọ́n dáadáa: rọ́kà àámù rẹ̀ máa ń fò kúrò lórí fáàfù bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbá òpin ìyípo rẹ̀ léraléra. Irin kékeré tó ń dí i lọ́nà wà lọ́jà. Nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí fáàfù láti wo bóyá ọ́ìlì ti di ẹrẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ẹ kúkú fi wọ́n sí i.

Ìṣirò epo, lórí pépà

Ínjẹ́tọ̀ tó wà lórí ọkọ̀ yìí jẹ́ 370 cc ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe tó. Mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 1,480 cc. Epo 1 cc wọ̀n tó gíráàmù 0.74, ìyẹn gíráàmù 1,095 ní ìṣẹ́jú kan, kílógíráàmù 65.7 ní wákàtí kan. A kì í jẹ́ kí ínjẹ́tọ̀ ṣí ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, torí bó bá ń ṣí láìpadé ó ń gbóná, epo rẹ̀ kò sì ní dọ́gba mọ́. Ó ku kílógíráàmù 55.9. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò ń jẹ nǹkan bíi kílógíráàmù 0.272 fún hóòsì-páwà kan ní wákàtí kan. Pín in: 205. Ìdí rèé tí ti ilé iṣẹ́ fi tó fún 200, tí kò sì ní tó fún 330 láéláé, kò sí bí ẹ ṣe lè tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe tó.

Bí ẹ bá ṣe irú ìṣirò yìí fún ínjẹ́tọ̀ 550 cc, ẹ ó rí nǹkan bíi 305. Fún 740 cc, 410. 740 cc lẹ máa rà. Kò ní máa ṣí tán, ẹ sì ní àyè díẹ̀ fún ọjọ́ tí òtútù bá mú, nítorí afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ó ń fẹ́ epo púpọ̀ sí i. Irú èyí tó ń gba epo láti ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ béèrè, bí Nissan ṣe ṣe ìlà epo S14 nìyẹn.

Pọ́ǹpù epo inú táǹkì kò ní lè bọ́ wọn. Walbro 255 lítà ní wákàtí kan ló wọ́pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ náà á dé òpin rẹ̀ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Wọ́n máa ń fi ti Nissan 300ZX Z32 rọ́pò rẹ̀. Bréènbọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ ínjẹ́tọ̀ àti sẹ́ńsọ̀: Nistune jẹ́ pátákó kékeré tó ń wọ inú bréènbọ́ọ̀sì Nissan fúnra rẹ̀, tí ẹni tó ń tún un ṣe fi lè kọ nọ́ńbà tuntun sí i.

Àwọn nǹkan yòókù tí ẹ máa kó jọ

Intercooler (ohun tó ń tu afẹ́fẹ́ tọ́bò lára) tó wà níwájú gan-an, torí ti ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéré, á gbóná lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì tó lágbára, nítorí ti àtijọ́ á máa yọ̀ láti nǹkan bíi 300 lọ. Púlọ́ọ̀gì NGK BKR7E, ẹnu rẹ̀ 0.8 mm, bí ẹnu bá gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, búùsìtì (afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fún wọlé) á máa fẹ́ iná pa. Gáskẹ̀ẹ̀tì tuntun fún ẹsẹ̀ tọ́bò, fún ẹnu èéfín, fún mánífóòlù àti fún ibi tí ọ́ìlì ń gbà padà. Wásà bàbà tuntun, méjì fún bóòtù páìpù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì, owó rẹ̀ kò tó ìgò omi. Sítọ́ọ̀dù (bóòtù tí kò ní orí) Inconel, irin tó ń fara da ooru, fún ẹsẹ̀ tọ́bò, torí irin lásán ń fà gùn nínú ooru, nọ́ọ̀tù á sì tú. Gééjì tó ń ka ìdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì 10W-40 lítà 5, fítà ọ́ìlì méjì, omi rédíétọ̀.

Páìpù tó ti ẹnu tọ́bò lọ sísàlẹ̀, 3 ínṣì ló dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí kàtálíìsì wà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ yìí wà lára àwọn tí MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń yẹ èéfín wọn wò, lambda rẹ̀ (bí afẹ́fẹ́ àti epo ṣe bára dọ́gba) sì gbọ́dọ̀ wà láàrin 0.97 àti 1.03. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kí ọkọ̀ tó padà sí títì. Tí wọn ò bá mọ̀, ìwé yẹn kò wúlò lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Yíyọ ti àtijọ́

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fín ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí gbogbo sítọ́ọ̀dù èéfín, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé ọkọ̀ sórí sítáǹdì (jáàkì nìkan kò tó), ẹ ṣẹ́ omi rédíétọ̀ àti ọ́ìlì. Nínú ọkọ̀ tí ọwọ́ ìdarí wà lọ́tùn-ún, ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni tọ́bò wà, ọ̀pá ọwọ́ ìdarí sì há mọ́ ọn. Ẹ tú páìpù afẹ́fẹ́ àti irin tó ń dí ooru, lẹ́yìn náà páìpù ọ́ìlì àti ti omi, kí ẹ wá gbé tọ́bò pẹ̀lú mánífóòlù jáde lápapọ̀. Ó rọrùn ju kí ẹ máa jà pẹ̀lú nọ́ọ̀tù mẹ́rin tí ọwọ́ kò dé.

Nọ́ọ̀tù tó bá le, ẹ má fà á tú lójijì. Ẹ mú un le díẹ̀ sí i, kí ẹ dá a padà, kí ẹ tún mú un le. Bí kò bá gbọ́, ẹ fi iná gbóná nọ́ọ̀tù náà. Sítọ́ọ̀dù tó bá ṣẹ́ nínú orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ọjọ́ méjì nìyẹn, ẹ fún un ní àkókò nísinsìnyí.

Ẹ gbé irin títọ́ lé ojú mánífóòlù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ti tẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá irin. Ẹ wo àárín ihò rẹ̀ bóyá ó ti sán. Gáskẹ̀ẹ̀tì kì í wo irin tó tẹ̀ sàn.

Ọ̀nà ọ́ìlì

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Bọ́ọ̀lù-bẹ́ríìnì kì í fẹ́ ọ́ìlì púpọ̀ bí T28 àtijọ́. Bó bá pọ̀ jù, á fi ipá gba ẹ̀gbẹ́ sílì jáde sínú èéfín, ẹ ó sì máa rí èéfín aláwọ̀ búlúù tí ẹ ó rò pé tọ́bò tí wọ́n tà fún yín kò dáa. Garrett fẹ́ kí ọ́ìlì tó ń dé ibẹ̀ wà ní 40 sí 45 psi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí dé òpin. Ohun tó ń ṣe é ni irin kékeré oníhò 1 mm tí wọ́n ń fi sẹ́nu ọ̀nà ọ́ìlì. Àwọn tọ́bò kan ti ní i nínú láti ilé iṣẹ́. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ihò náà wò, kí ẹ má baà fi ẹlẹ́ẹ̀kejì sí i.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sílíkónì sí ojú ìdè ọ́ìlì kankan. Nígbà tí ẹ bá fún bóòtù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á tẹ̀ sínú, á gbẹ, á já, ihò 1 mm yẹn ló sì máa lọ jókòó sí. Tọ́bò á gbẹ láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Páìpù ọ́ìlì tuntun tàbí èyí tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ni kẹ́ ẹ lò. Tí páìpù àtijọ́ bá ní èédú dúdú nínú, kò sí ìfọ̀ tó lè sọ ọ́ di tuntun.

Ìpadàbọ̀ ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Ọ́ìlì tó kúrò nínú tọ́bò kò ní pọ́ǹpù tó ń tì í, fúnra rẹ̀ ló ń ṣàn wálẹ̀, ó sì ti di ìfófòó bí òkè ọtí. Páìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó 12.7 mm nínú ó kéré tán, kó máa lọ sísàlẹ̀ láìní ibi tó tún gòkè, láìní ibi tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, kí ibi tó wọ ẹ́ńjìnnì sì wà lókè ojú ọ́ìlì inú sọ́ǹpù, àwo tí ọ́ìlì ń gbé nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín inú ẹ́ńjìnnì kò bá rí ibi jáde nítorí họ́ọ̀sì ìmí ẹ́ńjìnnì tó dí, òun náà á ti ọ́ìlì padà.

Kí ẹ tó gbé tọ́bò wọlé, ẹ tú bóòtù tó di àwọn ilé rẹ̀ mú díẹ̀, kí ẹ yí àárín rẹ̀ títí ẹnu ọ́ìlì á fi wà lókè, tí ìpadàbọ̀ rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju ìwọ̀n 35 lọ. Ẹnu omi méjèèjì, M14×1.5 ni, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ga ju ìkejì lọ díẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 20, kí omi gbígbóná lè máa gòkè fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fi fáànù gbé tọ́bò, ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun kan abẹ́ rẹ̀.

Gbígbé e wọlé

Ẹ de tọ́bò mọ́ mánífóòlù lórí tábìlì, pẹ̀lú sítọ́ọ̀dù tuntun àti irin tó ń dè nọ́ọ̀tù kó má tú. Ìwọ̀n ìfún tó wà nínú ìwé Nissan ni kẹ́ ẹ lò fún mánífóòlù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi gbogbo páìpù sí i ní ọwọ́ kí ẹ tó fún ọ̀kankan, torí páìpù omi tí wọ́n kọ́kọ́ fún pa kì í jẹ́ kí ti ọ́ìlì bọ́ sójú ihò.

Ẹ wo ọ̀pá wastegate, ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí èéfín yà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù kí búùsìtì má baà pọ̀ jù. Nígbà tí kò bá sí afẹ́fẹ́, ó yẹ kó kúrú díẹ̀ sí ìwọ̀n tó yẹ, tó jẹ́ pé ẹ máa fà á nǹkan bíi 2 mm kí ó tó wọ orí ìkọ́ rẹ̀. Ìfà yẹn ló ń jẹ́ kí ìlẹ̀kùn náà pa mọ́. Bó bá tú, búùsìtì kì í dìde dáadáa.

Fáàfù tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ dá afẹ́fẹ́ rẹ̀ padà sínú páìpù tó wà ṣáájú tọ́bò. Sẹ́ńsọ̀ ti ka afẹ́fẹ́ yẹn tán. Bí ẹ bá tú u síta, bréènbọ́ọ̀sì á fi epo rẹ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì á sì máa kú ní ìdádúró, ìyẹn nígbà tó bá ń yí jẹ́jẹ́ láìtẹ tòróòtù. Ariwo rẹ̀ dùn létí, a gbà.

Títan ẹ́ńjìnnì fún ìgbà àkọ́kọ́

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí ẹ tó de páìpù ọ́ìlì, ẹ da ọ́ìlì sínú ẹnu tọ́bò, kí ẹ fi ọwọ́ yí fáànù, kí ẹ tún da á títí á fi kún. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì àti fíúsì pọ́ǹpù epo, kí ẹ fi sítátà yí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe, títí iná ọ́ìlì lórí dáṣìbọ́ọ̀dù á fi kú. Lẹ́yìn èyí nìkan lẹ tó lè dá wáyà padà kí ẹ sì tan án.

Ẹ fi sílẹ̀ ní ìdádúró ìṣẹ́jú 5, láìtẹ tòróòtù. Èéfín díẹ̀ á jáde, ọ́ìlì ọwọ́ yín tó ta sí irin ló ń jó. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ìdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ tan hítà pátápátá kí afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi lè jáde, kí ẹ sì kún rédíétọ̀. Ìkìlọ̀ kan: ẹ má tan ọkọ̀ pẹ̀lú ínjẹ́tọ̀ 740 cc lórí nọ́ńbà ilé iṣẹ́. Epo ìlọ́po méjì á wọlé, á fọ ọ́ìlì kúrò lára síílíńdà.

Kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa tún nọ́ńbà ṣe, ẹ dí ẹnu páìpù afẹ́fẹ́, kí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ 1 bar sínú, kí ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ìdè. Ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Nọ́ńbà

Epo tí ìwọ̀n octane rẹ̀ jẹ́ 99 ni kẹ́ ẹ lò, bíi Shell V-Power tàbí Tesco Momentum99, kí ẹ má sì yí i padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tún un ṣe lórí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 0.8 bar. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, gééjì ìdàpọ̀ yẹ kó wà ní nǹkan bíi 11.5 (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 11.5 sí epo 1); bó bá kọjá 12.5 nínú búùsìtì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Tó bá dúró dáadáa, ẹ fi 0.1 kún un, títí dé 1.2. Ẹ máa tẹ́tí sí ìró bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo: epo ń bú kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Ìgbà tí púlọ́ọ̀gì ń tan iná ni kẹ́ ẹ dá padà sẹ́yìn, kì í ṣe epo ni kẹ́ ẹ máa da sí i.

Bó bá ń ṣe báyìí

Èéfín búlúù ní ìdádúró: ìpadàbọ̀ ọ́ìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà irin oníhò 1 mm, lẹ́yìn náà họ́ọ̀sì ìmí. Tọ́bò ló gbẹ̀yìn.

Èéfín dúdú, tí búùsìtì kò sì dìde: páìpù kan ń jò lẹ́yìn tọ́bò. Afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ti kà ń sá lọ, epo rẹ̀ sì kù. Bó bá jẹ́ pé gééjì ń fi hàn pé epo kéré ní ìdádúró, jíjò náà wà láàrin sẹ́ńsọ̀ àti tọ́bò: afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà ló ń wọlé.

Búùsìtì tó ń gòkè ju ibi tí ẹ dá a dúró sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sókè: ihò wastegate kò gba gbogbo èéfín tí páìpù 3 ínṣì ń fà. Wọ́n ń gbẹ́ ihò náà tóbi, wọ́n sì ń ṣe ìlẹ̀kùn tó bò ó.

Ìró bí ẹyẹ tó ń ké nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tó sì ń dákẹ́ bó bá gbóná: gáskẹ̀ẹ̀tì mánífóòlù. Lẹ́yìn 500 máìlì, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tù èéfín fún nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí ẹ sì da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù pẹ̀lú fítà rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ la fítà yẹn, kí ẹ na pépà rẹ̀ sínú oòrùn. Bó bá ń dán bí wúrà, ẹ́ńjìnnì ní nǹkan tó fẹ́ sọ fún yín kí ẹ tó fi kún búùsìtì.